Géètì Tí Mo Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà Alájì Ráfíù

Ọjọ́ tí Ìyá Nímọ̀ di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé bàbá tó bí i, orí àkàbà ni mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, gíláàsì dúdú lójú mi, iná ìjórin lọ́wọ́ mi. Abẹ́ mi ló gbà kọjá tòun ti báàgì rẹ̀. Ó dúró, ó gbójú sókè wò mí.

"Kámórù, o kú iṣẹ́ o," ó ní. "Géètì yìí dára. Òun ló ń lé mi lọ."

Ó bá tirẹ̀ lọ, ó wọ ọkọ̀ Àpòmù.

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í fi ìyìn ṣeré. Ẹni tó bá yìn mí lónìí, mo lè máa sọ ọ́ kiri títí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn ti ìyá yẹn, n kò mọ ibi tí n ó gbé e sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo bọ́ gíláàsì, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé e lọ.

Kámórù Wẹ́dà ni wọ́n ń pè mí. Tí ẹ bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tí ẹ kọjá odò Aṣéjìrè, tí ẹ wọ Ìkirè, ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe géètì tí kì í tẹ̀. Wọn yóò júwe ṣọ́ọ̀bù mi fún yín lójú ọ̀nà Àpòmù. Mo ti ń jó irin láti ìgbà tí n kò tíì ní irùngbọ̀n. Ní báyìí, irùngbọ̀n ọ̀hún ti ń funfun. Ìwé mi kò kọjá pámárì fọ́ọ̀, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rìn káàkiri Ìkirè àti Àpòmù, ẹ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó wu yín. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Jímọ̀, ará Àpòmù ni. Ó ní àṣà kan tí n kò rí lọ́wọ́ wẹ́dà mìíràn. Kí ó tó fa téèpù láti wọn ẹnu ọ̀nà, á kọ́kọ́ jókòó ti oníbàárà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ò fẹ́ kó wọlé?" Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo ní, "Ọ̀gá, olè ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?" Ó wò mí bí ẹni ń wo irin tó ti dógùn-ún.

"Ìwọ ṣáà máa bi wọ́n," ó ní. "O ó gbọ́ nǹkan."

Mo ti gbọ́ nǹkan lóòótọ́. Ìyá kan wà ní Ìkirè tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n ṣe géètì tó ga ju èèyàn lọ fún òun, kí n to irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sórí rẹ̀. Mo bi í pé ta ni kò fẹ́ kó wọlé. Ó ní, "Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, Kámórù. Wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run, wọn ò bẹ̀rù àgbà. Ṣé o rí èyí tó wà níwájú ilé mi yìí? Ọ̀sán gangan, inú ilé ló ń wà. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Kò pẹ́ tí mo gbé tirẹ̀ dúró tán ni ọ̀dọ́kùnrin iwájú ilé yẹn gan-an wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ń bá àwọn òyìnbó kan ya àwòrán. Òun náà fẹ́ géètì. Mo bi í ní ìbéèrè Bàbá Jímọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, na una o. Ẹ̀yin àgbà ni. Tí wọ́n bá ti rí ọmọ tó jókòó sílé tó ń jẹun, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè. Ìlú yìí ò fẹ́ kí ọ̀dọ́ yọ orí."

Èmi ni mo ṣe méjèèjì. Géètì kan dojú kọ èkejì lójú títì kan náà. Ìyá ń bẹ̀rù ọmọ, ọmọ ń bẹ̀rù ìyá, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ fún mi pé ìlú ti bàjẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, àgbẹ̀ kan ránṣẹ́ pè mí ní Wásinmi. Géètì tó ní kí n ṣe kò ga ju ìbàdí lọ. Mo ní, "Bàbá, ta lẹ ò fẹ́ kó wọlé?"

"Ewúrẹ́," ó ní.

"Olè ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti wá rí. Ó wú iṣu mi, ó lọ jẹ ẹ́. Kí ni n ó wá ṣe, kí n fi irin yí gbogbo ayé ká? Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ kì í sinmi."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé. Àmọ́ láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìlú kan náà là ń gbé. Òjò kan náà ló ń pa wá, iná kan náà ni wọ́n ń mú lọ. Kí ló dé tí ẹnì kan fi rí ìparun níwájú, tí ẹlòmíràn sì rí ewúrẹ́? Bí mo ṣe ń bi àwọn èèyàn tó, mo ti wá gbà pé ohun tójú kálukú ti rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ń wo ibi tí ìlú ń lọ. Èmi fúnra mi, tí ẹ bá bi mí, màá ní ayé ń dára sí i, torí iṣẹ́ ń wọlé. Ìyàwó mi ló já mi láyà lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Rìlíwánù," ó ní, "àwọn tẹ́rù ń bà ló ń bọ́ wa. Ibo lẹ ti máa rí i pé nǹkan ò dára?"

Alájì Ráfíù ló wá kó mi sí àárín ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Awakọ̀ tírélà ni nígbà tó lágbára. Ó na ọ̀nà Èkó sí òkè Ọya títí irun fi wọ́n lórí rẹ̀, wọ́n sì ti dá a lọ́nà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìkirè, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ni Ìyá Nímọ̀. Dòdò Ìkirè ni ìyá yẹn dín títí ó fi dàgbà, èyí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbẹ́ títì ló jókòó sí láti kékeré, ọkọ̀ tó bá dúró ló ń tà fún. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ilé ńlá náà.

Ilé yẹn ní ọ̀nà kan tó là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Láti ayé bàbá bàbá wọn ni gbogbo agbo ilé ti ń gba ibẹ̀ lọ sí ìdí kànga àti mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń kọjá kò ní í tọrọ àyè. Á ní, "Ẹ kú ilé o," ìyá á dáhùn lórí àpótí rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìrìn o," ó tán. Ọ̀nà yìí ni Alájì fẹ́ kí n dí.

Mo jókòó tì í, mo bi í. "Alájì, ta lẹ ò fẹ́ kó wọlé?"

"Gbogbo wọn."

"Gbogbo ta ni, Alájì?"

"Ṣé ìwọ kì í gbọ́ rédíò ni? Wọ́n ń gbé èèyàn lójú ọ̀nà, wọ́n ń gbé wọn nínú ilé. Ibi tí orílẹ̀-èdè yìí ń lọ, mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo ti wa ọkọ̀ débẹ̀ rí. Géètì ni mo fẹ́, kí ó má ní ojú rárá. Kí kòkòrò má lè yọjú wo inú."

Ìyá Nímọ̀ bú sẹ́rìn-ín lórí àpótí. "Ráfíù, ta ló fẹ́ gbé ọ? Ta ló máa rà ọ́?"

"Àǹtí, ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń gba ibí kọjá, ṣé gbogbo wọn lẹ mọ̀?"

"Èyí tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń bi í." Ó wá yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Kámórù, tí o bá dí ibẹ̀, tí mo sì ṣubú lọ́jọ́ kan, ta ló máa mọ̀?"

Alájì ní òun wà níbẹ̀. Ìyá ní, "Ìwọ tí o kò gbọ́ràn dáadáa mọ́." Wọ́n ṣe àríyànjiyàn náà títí, ìyá ní ọjọ́ tí géètì bá ti dúró, òun ń lọ sọ́dọ̀ Nímọ̀, ọmọ òun obìnrin tó ń tajà ní Àpòmù, òun ò sì ní padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní tèmi, géètì náà ti ń yọ lójú ọkàn mi: irin pẹlẹbẹ tí àwa ń pè ní ṣíìtì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ilẹ̀kùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, òdòdó irin ní àárín. N kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí. Tí mo bá ní n kò fẹ́ kí gbogbo Ìkirè rí i, irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa. Géètì ńlá, a kì í jó o pa lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń kọ́kọ́ fi iná tọ́ ọ ṣáṣá níbi mélòó kan, kí ó lè dúró. Táàkì là ń pè é. A ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí òpó rẹ̀ jókòó sínú ilẹ̀, kí a tó wá jó o délẹ̀délẹ̀. Orí táàkì ni géètì Alájì wà lọ́jọ́ tí Ìyá Nímọ̀ gba abẹ́ mi kọjá.

Mo padà lọ wo òpó náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n kírun Àsárì tán. Alájì wà nínú, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Mo ní kó ṣílẹ̀kùn, mo wọlé. Bí mo ṣe ń yẹ òpó wò ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn níta, wọ́n pọ̀. Wọ́n kan géètì gbàgbàgbà.

Alájì fò dìde. "Ta nìyẹn?"

"Àwa ni!"

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo wa ni, Alájì!"

Alájì ké gbàjarè. "Ẹ gbà mí o! Kámórù, wọ́n ti dé!" Ó ti ki ọmọ odó mọ́lẹ̀.

"Alájì, a wá bẹ̀ yín ni!"

"Kí lẹ wá bẹ̀ mí fún? Kí lẹ fẹ́ gbé?"

Mo yọjú láti ilẹ̀kùn kékeré. Lèmọ́mù mọ́sáláṣí kékeré ẹ̀yìnkùlé ni mo rí lórí ìkúnlẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àwọn àgbà agbo ilé tò sẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ti dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Nínú agbo ilé bíi tiwa, ọ̀nà àtayébáyé tí ẹnì kan bá ṣàdédé dí, ìjà la máa ń kà á sí. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti wádìí ẹni tó ṣẹ Alájì nínú wọn, wọn ò rí i, wọ́n ní kí gbogbo àwọn kúkú wá bẹ̀ ẹ́ lápapọ̀.

"Ẹ forí jìn wá," Lèmọ́mù ní. "Tó bá jẹ́ ọmọ wa ló sọ̀kò, ẹ dárúkọ rẹ̀. Tó bá jẹ́ adìyẹ ni, a ó pa á."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí ọmọ odó. Alájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀ wọ́n pé kò sí ìjà, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Ó wá jókòó sórí àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kámórù," ó ní, "nígbà tí kò sí géètì, ojú wọn ni mò ń rí. Ní báyìí, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń gbọ́."

Nígbà tó ṣe, ó ní kí n gbé òun lọ sí Àpòmù, òun fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n òun kó padà wálé. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó máà wá.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e sínú píkọ́ọ̀pù tí mo fi ń kó irin. Bí a ṣe yà sí àdúgbò Nímọ̀ ni inú mi dùn. Mo nawọ́. "Alájì, ẹ wo géètì yẹn. Èmi ni mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀."

"Mo rí i," ó ní.

Àgádágodo ńlá kan wà níta rẹ̀. Nímọ̀ ti lọ sọ́jà. Alájì kan géètì, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn láti inú.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ráfíù."

"Ráfíù! Ṣé kò sí nǹkan? Mi ò rí ọ o. Nímọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ní àjèjì pọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n lè wá kó mi lọ tàbí kí n ṣìnà."

Alájì yíjú sí mi. "Ṣé ẹ̀rọ tí o fi ń gé irin wà nínú ọkọ̀?"

Ó wà níbẹ̀. Kò lè gbà mí lásìkò rárá. Ṣùgbọ́n ìyá ti gbọ́.

"Kámórù, o ò gbọdọ̀ gé e. Ilé ọmọ mi ni. Ẹ̀rù tirẹ̀ nìyẹn, ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún un."

Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Alájì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá géètì, ó fi ẹ̀yìn tì í. Mo gbọ́ tí ìyá náà wọ́ àga súnmọ́ ọn láti inú. Irin tí mo fi ọwọ́ ara mi jó ló wà láàárín wọn.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Géètì ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ni mo wá fẹ́ wá ṣe? Níbí, Nímọ̀ ń tì mí mọ́lé torí ó fẹ́ràn mi. Lọ́hùn-ún, ìwọ náà fẹ́ràn mi. Ìfẹ́ yín ti pọ̀ jù lára mi, Ráfíù."

Mo rò pé ó fẹ́ bínú. Ó wá sọ ohun tí n kò rò pé àgbà awakọ̀ tírélà lè sọ létí wẹ́dà: "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀," ìyá ní. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ìyá Ràfá tí a jọ ń dín dòdò, ṣé o rántí rẹ̀? Ó ṣubú nínú ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ́ fún un. Gbogbo 'ẹ gbà mí' tó ké, géètì ló gbọ́ ọ. Ìwọ ń bẹ̀rù ẹni tó máa wọlé. Èmi ń bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnì kankan ò ní wọlé mọ́. Tí ayé bá máa bàjẹ́ lóòótọ́, ibẹ̀ ni mo rò pé ó máa gbà bàjẹ́."

Láti ọdún tí mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè ọ̀gá mi, n kò gbọ́ irú ìdáhùn yẹn rí. Ẹni tí ẹ ò fẹ́ kó wọlé ni mò ń bi wọ́n. N kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ni wọ́n fẹ́ kó wọlé.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe sí i, Ìyá?" Èmi ni mo bi í, n kò dúró de Alájì.

"Ṣe é kí n lè máa rí wọn, kí àwọn náà lè máa rí mi. Kí ilẹ̀kùn kékeré máa wà ní ṣíṣí ní ojúmọmọ. Tó bá di alẹ́, kí Ráfíù tì í bó ṣe wù ú."

Alájì wo géètì Nímọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. "Kámórù, yọ ṣíìtì ara géètì tèmi kúrò lónìí."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Òdòdó irin tí mo fi ọwọ́ tẹ̀! Ṣùgbọ́n orí táàkì ló ṣì wà, ó sì já wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo to ọ̀pá irin sípò rẹ̀, ọ̀pá gígùn tí ojú ń gbà á kọjá, mo wá jó o délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí Nímọ̀ gbọ́, ó bá wa jà dáadáa, ó ní a fẹ́ fi ìyá òun sójú ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ló fún un lésì. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní kí n wá gbé òun.

Báyìí, ìbéèrè méjì ni mò ń bi oníbàárà kí n tó fa téèpù. Àwọn kan máa ń bínú sí èkejì. Àwọn mìíràn máa ń yí géètì tí wọ́n ní lọ́kàn padà. Mo máa ń tọ́jú ìdáhùn wọn sórí, torí ó ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀.

Mo yà kí àwọn àgbà méjèèjì láìpẹ́ yìí. Alájì jókòó, rédíò wà létí rẹ̀. Ẹ̀rù kò tíì kúrò lára rẹ̀, n kò sì rò pé yóò kúrò. Ìyá Nímọ̀ wà lórí àpótí. Ọkùnrin kan yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò léjìká, ó ń wo inú ilé láàárín ọ̀pá irin. Alájì yí rédíò sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ mọ ẹni yẹn?"

"Rárá o."

Alájì ti ń dìde. Ìyá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó na ọrùn síta.

"Ẹ kú ìrìn o! Ọmọ ta ni yín?"

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn irin, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Ẹnu ya ìyá, ó ní, "Ṣé ọmọ rẹ̀ tó lọ sí òkè Ọya?" Ọkùnrin ní òun ni. Alájì wò ó, ó tún un wò, ó wá jókòó padà.

"Wọlé," ó ní. "Ọ̀nà wo lo gbà wá?"